Ẹ̀yìn Bébà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Ń Gé Aṣọ

Ogójì ọdún ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń ránṣọ lójú fèrèsé kan náà. Bébà ló máa ń kọ́kọ́ gé, torí aṣọ oníbàárà kì í ṣe ohun tá a ń ṣì gé. Ọwọ́ akólẹ̀kódọ̀tí ló ti ń ra ìwé àlòkù ilé ìwòsàn. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀ ò kàn án, kò tiẹ̀ lè kà á: àwọ̀ funfun ti bo ojú ẹ̀ méjèèjì. Èmi ni mò ń bá a fi òwú sábẹ́rẹ́.

Ọdún kan àbọ̀ la fi retí iṣẹ́ abẹ ojú náà. Nígbà tá a débẹ̀, akọ̀wé wo ẹ̀rọ, ó wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Màmá, a ti ṣe é fún yín lóṣù tó kọjá."

"Ojú wo? Ojú tí mi ò fi rí ẹ yìí?"

Ó ka orúkọ, ọjọ́ ìbí, orúkọ ìyá wa, títí dórí àpá orúnkún ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ pé. Orí mi wú.

"Ta lẹ kó ọ̀rọ̀ wa fún?" ni mo pariwo.

"A kì í fi ọ̀rọ̀ aláìsàn ṣeré. Ìwé àtijọ́ gan-an, akólẹ̀kódọ̀tí là ń kó o fún."

Ẹ gbọ́ mi o! Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè. Ó wá ní kí ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sẹ́yìn ìlà, kó sì mú ẹ̀rí wá pé òun lòun.

Nílé, mo yí àwọn bébà tó ti gé, tó gbé kọ́ sára ògiri, padà. Àìsàn tí olùkọ́ ọmọ mi ń fi pamọ́ wà lẹ́yìn kọ́là kan. Lẹ́yìn apá aṣọ kan, mo rí orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ojú ewé kejì; ojú ewé kìíní ò sí níbẹ̀.

"Àyà aṣọ yìí dà?"

"Mo fún oníbàárà mi kan. Ọmọ ẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ojú ìyá ọmọ náà fúnra ẹ̀ ń ṣú bíi tèmi, àánú ẹ̀ ṣe mí."

Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin náà wá gba aṣọ ẹ̀. Bọ́tìnnì kan ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi ń wá ojú abẹ́rẹ́, kò rí i. Obìnrin náà gbà á, ó fi òwú bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ̀gbọ́n mi rọra pe orúkọ ara ẹ̀, orúkọ tí ìyá wa sọ ọ́.

"Mà," ni obìnrin náà dáhùn.