Màmá Ifo Kì Í Ṣe Ẹrù Àgbépamọ́

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ti wà lọ́wọ́ Fọláṣadé kó tó rántí pé òun ní ìyá nílé. Bó ṣe rí lójú mi nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé tó wá bá mi ní Mowe, tó jókòó láì tíì yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, tó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ. Tọ́lání ọmọ mi fẹ́ bímọ ní Amẹ́ríkà. Ẹ bá mi mójú tó màmá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Bá mi mójú tó màmá" ni gbogbo ènìyàn ń pe iṣẹ́ tí mò ń ṣe nígbà yẹn. Mo ti fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ìjọba sílẹ̀ ní Ọ̀ṣun, mo tẹ̀lé ọkọ mi wá sí Mowe, a kọ́ ilé kékeré kan síbẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé àwọn tó ń kó kúrò l'Ékòó wá sí àdúgbò wa ní òbí àgbà nílé. Ìdájí ni wọ́n ń jáde lọ síbi iṣẹ́, ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó dé. Tí ìrìn àjò bá wá yọjú, kò sí ẹni tí wọ́n máa fa ìyá lé lọ́wọ́. Mo ya yàrá méjì sọ́tọ̀ nínú ilé wa. Ẹni tó ń lọ sí ìlú òyìnbó, tàbí sí Mẹ́kà, lè gbé òbí rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi títí tí yóò fi padà dé.

Mo ní òfin. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ rí àgbàlagbà náà nínú ilé tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wá sun ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ mi nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà nítòsí, ká lè mọ̀ bóyá a máa lè bára wa gbé. Àwọn oníbàárà rò pé ìgbéraga ló ń ṣe mí. Ẹni tó ti fi oṣù mẹ́ta wá físà yóò wá máa bá mi jà nítorí ọjọ́ méjì.

Mo ṣàlàyé fún Fọláṣadé. Ó ní kò sí wàhálà kankan lára màmá òun.

"Ó ti tó ọdún kan tí wọn ò ti lè rìn, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀. Kí ẹ ṣáà gbé wọn jókòó ni."

"Ṣé ẹ ti sọ fún wọn?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í bóyá ó ti sọ fún àga. "Nọ́ọ̀sì, kí ni wọ́n fẹ́ mọ̀ nínú rẹ̀?"

Ó yẹ kí n ní kó máa lọ. Ṣùgbọ́n àánú ọmọ tó fẹ́ bí àkọ́bí nílẹ̀ àjèjì ṣe mí, mo gbà. Àṣìṣe mi nìyẹn, mi ò ní dà á lé ẹnikẹ́ni lórí.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé ìyá náà dé láti Arepo. Èèyàn méjì ló gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Màmá Ifo ni wọ́n ń pè wọ́n, torí pé Ifo ni wọ́n ti rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé fún ogójì ọdún, títí ọkọ wọn fi kú tí Fọláṣadé sì kó wọn wá sọ́dọ̀. Ojú wọn ń ṣú, orí wọn ń tẹ̀. Fọláṣadé kúnlẹ̀ níwájú wọn.

"Màmá, ọjọ́ méjì péré ni. Mo ń lọ sí ìpàdé àdúrà, mo ń bọ̀."

Màmá gbé orí díẹ̀. "Àdúrà ọjọ́ méjì, báàgì tó tó báyìí?"

Fọláṣadé fa báàgì náà wọ yàrá. Èmi tí mo mọ òtítọ́ sì bá a gbé e. Ọkọ̀ ṣẹ́rí padà, ó kọjú sí pápákọ̀ òfuurufú.

Mo wá jókòó ti bébà tí Fọláṣadé fi sílẹ̀ àti ọ̀rá oògùn mẹ́ta tó bá a wá. Mo da oògùn sórí tábìlì, mo ń ka orúkọ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ọ̀rá àkọ́kọ́, funfun. Òmíràn wà nínú ọ̀rá kejì, ó pupa díẹ̀, orúkọ tó wà lára páálí rẹ̀ sì yàtọ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá ka lẹ́tà wínníwínní tó wà lábẹ́ orúkọ náà, oògùn kan náà ni. Ilé iṣẹ́ méjì ló ṣe é, ilé ìtajà oògùn méjì ni wọ́n ti rà á. Bébà ní kí n máa fún wọn ní méjèèjì láràárọ̀.

Ẹni tó bá ń lo irú oògùn yẹn ní ìlọ́po méjì, òòyì á máa kọ́ ọ, oorun á máa kùn ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní ranlẹ̀. Mo wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ti lọ sílẹ̀ jù. Mo ránṣẹ́ pe dókítà tó wà ní òpópónà kejì. Ó wò wọ́n, ó ní ká dá oògùn náà dúró ná di ọjọ́rú, ká wá máa fún wọn ní hóró kan ṣoṣo. Inú bí mi. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ń sọ fún gbogbo ayé pé màmá ò lè rìn mọ́, oògùn ló dè wọ́n mọ́lẹ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Màmá fúnra wọn ló ní kí n fún àwọn lómi. Wọ́n wo aṣọ nọ́ọ̀sì ọrùn mi.

"Ta ló rán èyí fún yín?"

"Télọ̀ kan ní Ibafo ni, Màmá."

"Wọn ò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pa etí aṣọ."

Mo rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n wá béèrè Fọláṣadé. Mo ní ó ń bọ̀. Báyìí ni èmi náà ṣe bá wọn lọ́wọ́ sí irọ́ yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́rú, mò ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, obìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ń po ògì. Nígbà tó gbé ògì dé yàrá, ibùsùn ti wà ní títẹ́ nigínnigín. Báàgì ńlá wà níbẹ̀, oògùn wà lórí tábìlì. Bàtà, gèlè àti ọ̀pá ìtìlẹ̀ ni kò sí mọ́. Màmá tí kò lè rìn ti rìn lọ.

Mo sáré dé oríta. Mo bi àwọn ọlọ́kadà léèrè. Ọ̀kan ní, "Ìyá tó ń bínú yẹn? Wọ́n ní kí n gbé àwọn lọ síbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Ifo. Mo ní kí wọ́n dì mí mú dáadáa, wọ́n ní kí n dojú kọ ọ̀nà." Ó ti já wọn sílẹ̀ ní etí títì márosẹ̀, ó sì rí i tí wọ́n wọkọ̀ tó ń lọ sí ìhà Ibafo. Láti ọ̀dọ̀ wa, ó tó ọkọ̀ mẹ́ta kéèyàn tó dé Ifo. Mo ń ro ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún tó ń sọdá títì, mo yọ fóònù.

Kúnlé, àbúrò Fọláṣadé, ló wà nínú bébà gẹ́gẹ́ bí ẹbí tó wà nítòsí. Ibafo ló ń gbé. Mo pè é, mo sọ fún un.

"Ẹ pe sísítà mi."

"Amẹ́ríkà ni sísítà yín wà. Ìyá yín lè wà lójú títì Ibafo báyìí."

"Ìpàdé ni mo wà."

"Ẹ jáde níbẹ̀."

Ó tó wákàtí kan kó tó gbé ọkọ̀ dé. Bí mo ṣe wọkọ̀ jókòó tì í, ó ní, "Tí nǹkan bá ṣe màmá, ẹ̀yin lẹ máa sọ bó ṣe jẹ́." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo gbà wọ́n. Nígbà tá a wá wọ Ifo, ó dúró létí ọ̀nà, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti dé ilé baba rẹ̀ gbẹ̀yìn. Aboyún kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló júwe ilé fún un.

Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan wà níwájú ilé náà. Sílífá ló wà nídìí ẹ̀rọ. Ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ọ̀dọ̀ Màmá ló ti kọ́ṣẹ́ nígbà ọ̀dọ́, kò sì fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, abọ́ bọ́tìnnì wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n ń ṣa funfun sọ́tọ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá jà." Wọ́n yíjú sí Kúnlé tó ti dọ̀bálẹ̀. "Àdúrà ti parí?"

Kúnlé ṣì wà nílẹ̀. Màmá bi í léèrè ibi tí Fọláṣadé wà. Ó wò mí. Irọ́ náà ti sú mi.

"Amẹ́ríkà ni, Màmá. Tọ́lání fẹ́ bímọ."

Wọ́n dá ọwọ́ dúró. "Tọ́lání lóyún?"

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí burú ju bí mo ṣe rò lọ. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ oyún náà nínú ilé tí ìyá yìí ń gbé, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ sí wọn létí. Omi bọ́ lójú wọn, wọ́n fi etí gèlè nù ún.

"Ṣé mo máa ní kó má lọ ni? Èmi ló yẹ kí n dì í lẹ́rù. Wọ́n wá gbé mi bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ǹtì."

Kúnlé dìde, ó ní ká gbé wọn sínú ọkọ̀, ká máa lọ. Mo ní kó dúró, kó jẹ́ ká bi wọ́n.

"Màmá, níbo lẹ fẹ́ wà títí wọ́n á fi dé?"

"Ibí."

"Ta ló máa fún yín lóògùn?"

Sílífá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Mi ò mọ̀wé púpọ̀, Nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá fi hàn mí lẹ́ẹ̀kan, ó tán."

Mo fi hàn án: hóró kan lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, àti ohun tó gbọ́dọ̀ máa wò lẹ́sẹ̀ àti lójú wọn. Ó tún gbogbo rẹ̀ sọ fún mi láì fo ọ̀kan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni mo ń lọ wọn ìfúnpá wọn. Nítorí àtẹ̀gùn ilé ìwẹ̀, mo ní kí Kúnlé ri irin ìdìmú mọ́ ògiri. Mo pè é lẹ́ẹ̀meje kó tó ṣe é.

Mo wà lọ́dọ̀ Màmá ní Ifo nígbà tí Fọláṣadé gbọ́, tó sì pè mí láti Amẹ́ríkà. Ó bínú, ó ní òun ní kí n mójú tó ìyá òun, mo jẹ́ kí wọ́n sá lọ. Mo jẹ́ kó sọ tán. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ oògùn méjèèjì fún un.

Ó bi mí, "Láràárọ̀?"

"Láràárọ̀."

Mo gbọ́ tó ń sunkún. Mo gbé fóònù fún Màmá. Wọn ò bá a jà. Wọ́n béèrè bóyá akọ ni àbí abo ni Tọ́lání bí, Fọláṣadé ní abo ni. Màmá ní, "Kí wọ́n wọ̀n ọ́n láti èjìká dé orúnkún fún mi. Kí wọ́n fi àyè tó máa fi dàgbà sí i." Aṣọ mẹ́rin ni Sílífá rán, Màmá jókòó tì í, wọ́n ní kó tú ọ̀kan nínú wọn rán lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ṣe iṣẹ́ yẹn títí tí orúnkún èmi náà fi ní ó tó. Mi ò tún gba ẹnikẹ́ni tí mi ò bá gbọ́rọ̀ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Mo pàdánù oníbàárà, mo sì gbọ́ èébú.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ Ifo yẹn, Màmá ti padà sọ́dọ̀ Fọláṣadé ní Arepo, wọ́n pè mí lórí fóònù tí Kúnlé rà fún wọn. "Nọ́ọ̀sì, Fọláṣadé tún ń lọ lóṣù tó ń bọ̀. Kò tíì sọ fún mi, àmọ́ mo ti rí àpótí tuntun. Mo ti bá Sílífá sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni màá wà, kí ẹ máa wá wò mí níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀." Mo kọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Fọláṣadé dé. Ó ń wá bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó ní òun mọ̀ pé ọjọ́ ti sún mọ́lé, kí n má bínú. Mo ṣí ìwé mi sí iwájú rẹ̀. Ó ka orúkọ ìyá rẹ̀, ó tún un kà.

"Ta ló wá kọ èyí?"

"Màmá fúnra wọn ló pè mí. Wọ́n ní kí ẹ fọkàn balẹ̀, kí ẹ máa lọ."