Ọjọ́ Tí Mo Sé Omi Mọ́ Ìyá Ọkọ Mi

Ọkọ mi máa ń sọ pé ẹnu mi ò mọ ìsinmi. Òótọ́ ni, mi ò bá a jiyàn. Torí ẹnu yẹn náà ni ẹgbẹ́ oko wa ṣe ní kí n wá máa bójú tó omi.

Oko náà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Redan, ní Amẹ́ríkà níbí, odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. County, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, fún wa níwèé àṣẹ pé ká máa darí díẹ̀ nínú omi odò náà sínú kòtò tá a gbẹ́, àárọ̀ Sátidé nìkan, láti agogo mẹ́fà sí méjìlá. Plot mẹ́sàn-án ló tò tẹ̀lé ara wọn létí kòtò yẹn. Oníkálukú ní pákó tó ń ṣí kí omi lè wọlé, ogójì ìṣẹ́jú sì ni ìpín ẹnì kan. Ẹni tí nǹkan ọ̀gbìn rẹ̀ bá gbẹ kí summer tó parí, ẹgbẹ́ á gba ìpín omi rẹ̀ fún ẹlòmíì.

Àṣìṣe wa ni pé, nígbà tá à ń pín plot, a fi àwọn àgbà sí apá òkè kòtò kí wọ́n má baà rìn jìnnà. A rò pé ìwà ọmọlúàbí la hù. A ò rò ó pé ẹni tó wà lókè ló ń kọ́kọ́ rí omi, àti pé kò sí ọmọ Yorùbá tó máa lọ bá àgbàlagbà pé ilẹ̀ yín ti mu tó. Plot kìíní, ti ìyá ọkọ mi ni. Mọ́mì á ṣí pákó wọn, wọ́n á gbé àga sídìí igi, ó di wákàtí méjì. Bàbá díákónì tó ni plot kejì náà á ṣe tiwọn. Kí omi tó dé ìsàlẹ̀, agogo méjìlá ti lù.

Ọmọbìnrin kan tó wá kàwé láti Ìbàdàn ló ni plot kẹsàn-án. Ilá ló gbìn. Àwọn mẹ́ta ló jọ ń gbé yàrá kan ní Tucker. Ó ní oko yẹn nìkan ni nǹkan tó jẹ́ tòun ní gbogbo Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ kan ó fi ewé ilá tó ti rọ hàn mí.

"Aunty, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ẹgbẹ́ wá yẹ oko wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba omi mi lọ́wọ́ mi."

Ojú tì mí. Èmi tí mò ń jágbe mọ́ gbogbo ayé, mo ti ń gba iwájú Mọ́mì kọjá bí ẹni pé mi ò rí pákó wọn.

Sátidé tó tẹ̀lé e, nígbà tí ogójì ìṣẹ́jú wọn pé, mo lọ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì. Àsìkò yín ti pé."

"Àsìkò wo?"

"Ti omi, mà." Mo nawọ́, mo ti pákó náà bọlẹ̀.

"Ìwọ lo sé omi mọ́ mi."

"Èmi ni, mà." Mi ò sì ṣí i padà.

Wọ́n pòṣé, wọ́n gbé àga wọn, ó di inú mọ́tò. Bàbá díákónì ní tiwọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa lọ, wọn ò sé pákó wọn. Omi dé plot keje lọ́jọ́ yẹn, ó tán síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Mọ́mì ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n á ní kí ọkọ mi sọ fún mi pé iyọ̀ ọbẹ̀ pọ̀, èmi sì rèé lórí tábìlì kan náà.

Sátidé kejì, wọ́n ti dé oko ṣáájú mi. Aago inú fóònù wọn dún nígbà tí ogójì ìṣẹ́jú pé. Wọ́n fọwọ́ ara wọn sé pákó wọn, wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n tẹ̀lé omi lọ sí plot kejì, wọ́n dúró ti bàbá títí àsìkò tiwọn náà fi pé.

"Díákónì, ẹ sé e. Ṣé àgbà ń wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́ ni? Ìyàwó mi ò fi tèmi sílẹ̀, ṣé tiyín ló máa wá fi sílẹ̀?"

Bàbá sé e. Ta ló tún kù tó fẹ́ jiyàn? Ní agogo mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, omi wọ plot kẹsàn-án, ìgbà àkọ́kọ́ nínú summer yẹn. Ọmọbìnrin náà bọ́ bàtà, ó dúró sínú rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Orí mi wú.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wá yẹ oko wò, ilá rẹ̀ ti so. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀: omi rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ó já ilá kan, ó fẹ́ fún mi, mo ní kó gbé e fún Mọ́mì. Mọ́mì fi àtàǹpàkò ṣẹ́ imú ilá náà wò, ó ṣẹ́ wẹ́rẹ́. Wọ́n wá yíjú sí mi, ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ ẹrẹ̀ yẹn.

"Ọwọ́ ẹ le, ìyàwó mi," ni wọ́n wí. "Má jẹ́ kó rọ̀ o."