Bàbá Onílé Wa àti Ìbẹ̀rù Ọmọ Rẹ̀

Bàbá onílé wa ní Ìgàndó kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ lásán. Olùkọ́ ìṣirò ni kó tó fẹ̀yìn tì. Bí o bá sọ nǹkan fún un, á ti awò ojú rẹ̀ sókè sí iwájú orí, á ní, "Ẹ̀rí dà?"

Ìbéèrè yẹn gbà wá là rí. Nígbà tí ọkọ mi fẹ́ ra ilẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀, bàbá ló yẹ ìwé sọ́fè wò, tó fi hàn wá pé ilẹ̀ ìjọba ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé kò lè ṣì sọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé báàgì dé láti ilé ọkọ. Ó ní ẹ̀rù ọkọ òun ń ba òun.

"Ó ti nà ọ́ rí?"

"Rárá, bàbá mi. Bó ṣe ń wò mí ni."

"Ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Padà sílé rẹ jàre."

Mò ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Ọmọ náà yíjú sí mi, bóyá n ó gbè é. Mo ní, "Òótọ́ ni bàbá sọ."

Ó gbé báàgì rẹ̀ padà. Kò pé oṣù kan tí ọkọ rẹ̀ fi irin lù ú, tó sì sá lọ. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n kò lè rìn mọ́. Bàbá gbé e padà wálé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ti kẹ̀kẹ́ tí ọmọ náà ń jókòó sí kiri àgbàlá, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́.

Láràárọ̀ lọmọ náà ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ káàárọ̀, mà." Ojú máa ń tì mí láti dáhùn.