Ohùn Tí Mo Gbà Là

Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun ti ojú ìwé ẹbí wa pa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìyá mi sunkún bí ẹni tí ilé rẹ̀ jó. Àwọn àwòrán ìsìnkú ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú fídíò kan tí ìyá àgbà ti ń kọrin lẹ́yìnkùlé wa ní Ìkọ̀lé. Mo kọ̀wé sí wọn. Ẹ̀rọ ló fèsì. Ó ní a ti rú òfin, kò sọ òfin wo.

Èmi tí yunifásítì ti kọ́ láti máa fi gírámà bínú, mo rí iṣẹ́ ṣe. Mo pe ẹbí jọ sí pálọ̀ ìyá mi, àwọn ará Èkó àti Ìbàdàn wà lórí fóònù, mo sì dìde dúró bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ mí. Mo ní íńtánẹ́ẹ̀tì tí à ń lò yìí, ilé àyágbé ni, onílé lè lé wa jáde nígbà tó bá wù ú. Mo ní ọ̀nà tuntun kan ti dé tí wọ́n ń pè ní búlọ́kíṣéènì: ohun tí a bá kó síbẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ á wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, kò ní sí ọ̀gá kan tó lè tì í pa. Bí ẹnì kan bá sì dá ọgbọ́n láti yí i padà, ẹ̀dà ọwọ́ àwọn yòókù á tú àṣírí rẹ̀.

“Ìyẹn ni pé tiwa ni?” ìyá mi béèrè.

“Tiwa ni, Mọ́ọ̀mi. Kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́ láé.”

“Láéláé?”

“Láéláé.” Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń pín ìyè àìnípẹ̀kun.

Mo lè fi kọ́kọ́rọ́ tì í kí ẹbí nìkan máa ṣí i. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹni tó bá mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ló ń di ọ̀gá, àwa ò sì fẹ́ ọ̀gá mọ́. Gbólóhùn yẹn dùn lẹ́nu mi débi pé mo tún un sọ. Lẹ́yìn náà ni mo kó gbogbo ohun tó kù nínú kọ̀ǹpútà mi síbẹ̀: àwòrán, fídíò, àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwa ẹbí ti gbohùn sílẹ̀ fún ara wa lórí fóònù. N kò tẹ́tí sí wọn kí n tó kó wọn. Ẹni tó ń gba ayé là kì í ráyè wo ẹrù.

Ọ̀kan nínú àwọn ohùn náà, ìyá mi ló ni ín. Ọ̀sẹ̀ tí ìyá àgbà kú ló sọ ọ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Odò-Orò, ni ìyá àgbà kú sí, ìyá mi sì fi ìbànújẹ́ sọ pé, “Ebi ló pa ìyá mi sí i lọ́wọ́.” Irọ́ ni. Ọ̀fun ìyá àgbà ti dí, kò lè gbé oúnjẹ mì mọ́, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ò sì bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Olórí ẹbí ló parí rẹ̀. Ó gbé abọ́ iyán kan ṣoṣo síwájú àwọn méjèèjì. Màmá Odò-Orò gé òkèlè àkọ́kọ́, ó fi sí àbúrò rẹ̀ lẹ́nu. Ìyá mi náà gé tirẹ̀, ó fi sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu, omijé ń bọ́ sínú ọbẹ̀. Baba náà wá ní, “A ti sin ín. Ẹni tó bá hú u, òun ló ni ín.” Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo wa pa ohùn náà rẹ́ nínú fóònù wa. Èmi náà pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mi ti ní ẹ̀dà rẹ̀, nítorí èmi ọ̀mọ̀wé kì í da nǹkan nù.

Ọmọ Màmá Odò-Orò tó wà ní Kánádà ló kọ́kọ́ bá ohùn náà pàdé níbi tí mo kó o sí. Ìyá mi ló tọ́ ọ nígbà tó ń lọ sílé-ìwé ní Ìkọ̀lé, gbogbo ọjọ́ Àìkú ló sì máa ń pè é. Ẹnikẹ́ni ò sọ ìjà náà fún un rí.

“Bọ̀dá mi,” ó ní, “orin Màmá àgbà ni mò ń wá kí n fi han àwọn ọmọ mi. Kí ni mo bá yìí? Ìyá mi ló febi pa ìyá rẹ̀?”

“Ìjà ti parí, àbúrò mi. A ti jẹun lé e lórí.”

“Ẹ̀yin lẹ jẹun. Èmi ò sí níbẹ̀.”

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, kò pe ìyá mi. Ìyá mi ní bóyá nẹ́tíwọ̀kì ni. Nígbà tí òmíràn tún kọjá, ó bi mí, mo sì jẹ́wọ́.

“Yọ ọ́ kúrò.”

“Kò ṣeé yọ, Mọ́ọ̀mi. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé…”

“O ní tiwa ni.”

“Tiwa ni.”

“Ohùn ta ni?”

“Ohùn yín ni.”

“Ó dáa. Mo ní n ò sọ ọ́ mọ́.”

Ilé-iṣẹ́ òkè òkun yẹn burú, ṣùgbọ́n ó ní ilẹ̀kùn tí a lè kàn, bí wọn ò tilẹ̀ ṣí i. Èmi ti ṣètò tèmi dáadáa débi pé kò sí ẹni tí a lè dọ̀bálẹ̀ fún.

A gba Odò-Orò lọ. Màmá ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi ti kúnlẹ̀ kí ó tó kí i.

“Dìde. Ọmọ mi ti pè mí.” Ó kọjú sí mi. “Akọ̀wé! Ibi tí o gbé e sí yẹn, ṣé ó ń jẹ iyán?”

“Rárá, Màmá.”

“Báwo ló ṣe máa wá mọ̀ pé a ti parí ìjà?”

Mo ní a lè gbohùn mìíràn sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ sọ pé ó ti tán, kí n fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Mo ti ń na fóònù sí i.

“Ohùn tèmi? Kí ó lọ máa gbé níbẹ̀ láéláé? Mú nǹkan yẹn jáde ní ulé mi.”

Mo lọ gbé e sórí ògiri kúkúrú tó wà níta. Láti ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí Màmá ń sọ nǹkan kan fún ìyá mi, ìyá mi sì rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí n kò tíì gbọ́ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Màmá ní Kánádà ti ń pe ìyá mi padà báyìí, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Á kí i, á béèrè ara rẹ̀, á sì ní iṣẹ́ ń dúró de òun. Ní tèmi, tí mo bá dé Odò-Orò, ẹnikẹ́ni kì í rán mi létí mọ́. Fúnra mi ni mo ń gbé fóònù sórí ògiri kí n tó wọlé. Síbẹ̀, àwọn tó wà nínú ilé á máa tàkúrọ̀sọ, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, títí màá fi yọjú. Lẹ́yìn náà, wọ́n á yí ọ̀rọ̀ padà, ọ̀rọ̀ òjò ni wọ́n á máa sọ.