Sájẹ́ǹtì Tó Ń Wá Ẹni Tó Máa Bà Á Lórúkọ Jẹ́

Ẹ wò ó, àárò ilé ń sọ Sájẹ́ǹtì débi pé oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, wà ní bárékè pẹ̀lú ọmọ wọn obìnrin. Sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ wà ní abúlé kan tó jìnnà réré, ó ń sùn nínú yàrá ìkẹ́rùsí ilé ẹ̀kọ́.

Ètò tuntun tí àwọn ọ̀gá ológun ṣe ló fà á. Tẹ́lẹ̀, sójà rẹpẹtẹ ló máa ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo ọkọ̀ wọn á ti ṣáájú wọn dé, àwọn agbébọn tí wọ́n ń wá á sì ti sá wọgbó. Nígbà tó sú àwọn ọ̀gá, wọ́n pín àwọn sójà sí ọ̀wọ́ kéékèèké, wọ́n ní kí wọ́n lọ máa bá àwọn ará abúlé gbé, kí wọ́n mojú ara wọn. Ètò náà dáa, mi ò ní purọ́. Àmọ́ òfin kan wà níbẹ̀: ẹni tí ará abúlé bá fọkàn tán, wọn kì í pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí wọn ò fẹ́ ló ń lọ sílé.

Sájẹ́ǹtì wa ò sì mọ ìwà burúkú hù. Ó bá wọn tún ẹ̀rọ omi ṣe. Bí wọ́n bá fura sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn odò, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ fún.

“Olówó orí mi, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?” ni ìyàwó rẹ̀ máa ń bi í lórí fóònù. Ọkàn rẹ̀ á fà sílé, omi á lé ròrò sí i lójú.

Nígbà tó gbọ́ pé kọ́nẹ̀lì ń bọ̀ wá ṣàbẹ̀wò, ó lọ bá Ìyá Àgbà, ẹni tí gbogbo abúlé ń gbọ́ tirẹ̀.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bà mí lórúkọ jẹ́ lójú ọ̀gá mi. Ẹ ní mi ò wúlò.”

Ìyá Àgbà bi í pé, “Ṣé torí ìyàwó ni?”

“Òun àtọmọ mi ni, Ìyá. Àárò wọn ti fẹ́ pa mí.”

“Ó dáa. Fi sílẹ̀ fún mi.”

Kọ́nẹ̀lì dé, gbogbo abúlé péjọ síwájú ilé ẹ̀kọ́. Ìyá Àgbà dìde, ó nàka sí Sájẹ́ǹtì. “Ọkùnrin yìí ò dáa rárá. Ọ̀lẹ ni, aláfojúdi ni. Ẹ mú un lọ bá ìyàwó ẹ̀ lónìí, ọmọ ẹ̀ ń retí ẹ̀.” Ló bá fi etí aṣọ nu ojú. Àwọn tó kù ń mirí, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló rí.

Kọ́nẹ̀lì rẹ́rìn-ín. “Ìyá, láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí abúlé tó parọ́ nítorí sójà.” Ó wá kọjú sí Sájẹ́ǹtì, ohùn rẹ̀ rọ̀. “Má bínú. Mi ò lè mú ẹ kúrò níbí.”

“Ó dáa, sà,” ni Sájẹ́ǹtì wí. Ìyá Àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Nírọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀, tó mọ̀ pé kọ́nẹ̀lì ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, pè, ó ní ṣé kí òun se oúnjẹ tirẹ̀ mọ́ tàwọn lọ́la. Sájẹ́ǹtì ní kó má wulẹ̀ sè é.