Ohùn Ẹ̀yìn Ògiri

Ẹ wò ó, tí ẹ bá ń wá ẹni tó lè ṣílẹ̀kùn gbogbo àdúgbò, tí kò sì sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn tiẹ̀, ẹ má wá a lọ jìnnà. Oníkọ́kọ́rọ́ ni. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, ó há sáàárín onígbàjámọ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ. Ẹ̀rọ kan wà níwájú ẹ̀ tó fi ń gé eyín kọ́kọ́rọ́, igbe ẹ̀rọ náà dà bí ìgbà tí wọ́n ń yọ eyín fún àgbàlagbà. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, igbe yẹn náà ni. Tó bá gé kọ́kọ́rọ́ tán, á fi kan tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta, kó, kó, kó, kí ìyẹ̀fun irin lè gbọ̀n dà nù, á fẹ́ ẹ, fúù, á wá nà án sí oníbàárà. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe é mọ́.

Tó bá wá délé, kò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan. Ó ti pa ohùn tẹlifíṣàn ẹ̀ tipẹ́. Bọ́ọ̀lù o, ìròyìn o, ẹnu ni gbogbo wọn kàn ń là tí wọ́n ń pa dé bí ẹja. Yàrá kan àti pálọ̀ kan ni ilé ọ̀hún. Àga méjì ló wà nídìí tábìlì. Òun ń jókòó sórí ọ̀kan, aṣọ tí kò tíì lọ̀ ń jókòó sórí ìkejì.

Àga kejì yẹn, ti àbúrò ẹ̀ ni. Ọmọ náà ò ju ọdún mẹ́sàn-án lọ nígbà tí ìyá wọn kú. Oníkọ́kọ́rọ́ ló wẹ̀ ẹ́, òun ló rán an níléèwé, òun ló gbé àpótí kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tiẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kó lè máa kọ́ṣẹ́. Ọmọ náà ò ya ọ̀lẹ, àmọ́ ọkàn ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Nǹkan kékeré kan ló máa ń gbé lọ́wọ́ tó fi ń gba ohùn sílẹ̀: ohùn òjò, ohùn ilẹ̀kùn, ohùn ẹsẹ̀ èèyàn lórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbọ́n rò pé eré ọmọdé ni. Ìgbà tó dàgbà, ó ní òun ríṣẹ́ nílùú mìíràn, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe géèmù. Ṣé ẹ̀gbọ́n bi í pé kí lo fẹ́ máa ṣe níbẹ̀? Rárá o. Ohun tó sọ ò ju pé, "Ta ló máa wá jókòó sórí àpótí yìí báyìí?"

Ọdún kan àti oṣù méjì sẹ́yìn, àbúrò fi ẹ̀rọ géèmù kan ránṣẹ́, ìwé pélébé wà lórí ẹ̀: "Bọ̀ọ̀dá mi, iṣẹ́ ọwọ́ mi wà nínú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rìn kiri inú ẹ̀ dáadáa."

Ó so ó mọ́ tẹlifíṣàn, ó rìn ín. Odindi ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ló fi di páàdì tí wọ́n fi ń darí ẹ̀ mú bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ lórí afárá tóóró. Kí ló rí? Aṣálẹ̀ funfun tí ilẹ̀kùn dá dúró sí láàárín, tí ò sí ilé lẹ́yìn ẹ̀. Àtẹ̀gùn tó o máa gùn lọ sókè tí wàá bá ara ẹ nísàlẹ̀. Ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá nínú kọ́rídọ̀. Òkun tó lẹ̀ mọ́ àjà, tí kò kán sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń lé e, kò sẹ́ni tó máa yìnbọn fún, kò sí máàkì. Èyí tó wá dùn ún jù ni pé ilẹ̀kùn pọ̀ níbẹ̀ bí èèrà, kò sì sí kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo! Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kọ́kọ́rọ́ ló ń wá títí ilẹ̀ fi ṣú: lábẹ́ àga, lẹ́yìn fọ́tò, nínú ìkòkò òdòdó. Ẹlòmíì á ti kọjá lọ jẹ́jẹ́. Oníkọ́kọ́rọ́ kẹ̀? Kó rí ilẹ̀kùn tó tì, kó má wá kọ́kọ́rọ́?

Lọ́jọ́ kẹrin, ó pe àbúrò ẹ̀.

"Mo ti rìn ín."

"Háà, Bọ̀ọ̀dá mi! Ẹ dé yàrá yẹn?" Ayọ̀ ti fẹ́ gbé ọmọ náà fò.

"Yàrá wo? Ilẹ̀kùn tí ò ní kọ́kọ́rọ́, ṣé ilẹ̀kùn nìyẹn? Ṣé torí ìranù yìí lo ṣe fi mí sílẹ̀ lọ?"

Ayọ̀ yẹn kúrò lóhùn ọmọ náà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá mi," ó sì pa fóònù.

Látọjọ́ náà, kò pè mọ́. Ẹ̀gbọ́n náà ò pè. Ó ń ṣe àgbà, ó ní kí ọmọ kọ́kọ́ pè. Àmọ́ ẹ wá wò ó bó ṣe ń yẹ fóònù wò lójúmọ́, ẹ máa rò pé aago ló fẹ́ wò.

Onígbàjámọ̀ ló gbọ́ pé ẹ̀rọ géèmù kan ń jẹ eruku lásán, kò jẹ́ ó sinmi.

"Gbé e fún mi jàre, kí àwọn oníbàárà mi rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe tí wọ́n bá ń dúró. Màá máa gé irun ẹ lọ́fẹ̀ẹ́ fọ́dún kan."

"Irun wo?" Oníkọ́kọ́rọ́ ṣí fìlà. Orí ń dán bí àwo.

"Tóò, irùngbọ̀n ńkọ́?"

Bí wọ́n ṣe na ọjà nìyẹn. Ọ̀sán Sátidé, onígbàjámọ̀ dé láti wá gbé e. Kò tíì jókòó tán tó ti ń pàṣẹ.

"Tàn án kí n rí i. Mi ò kì í gbé ọjà tí mi ò dán wò."

Oníkọ́kọ́rọ́ tàn án. Aṣálẹ̀ funfun yọ, ilẹ̀kùn kan dá dúró. Ibi tó fi í sílẹ̀ sí lọ́jọ́ náà gan-an.

"Kò ní ohùn ni?"

"Ó ní. Èmi ni mo pa á."

"Ṣí i! Ṣé òkú ni mo fẹ́ gbé lọ ni? Ariwo làwọn èèyàn mi fẹ́."

Ó ṣí i. Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ fẹ́. Nígbà tó yá, lọ́nà jíjìn, lẹ́yìn ògiri kan lọ́wọ́ ọ̀tún, nǹkan kan ń han. Ó dákẹ́. Kó, kó, kó. Fúù. Ẹnì kan wá ń kùn orin sínú imú, orin tí ò níbẹ̀rẹ̀ tí ò lópin, ibì kan náà ló sì ti ń ṣì í ní gbogbo ìgbà.

Oníkọ́kọ́rọ́ yọ ṣùtì. "Ta ló ń kùn bí ewúrẹ́ báyìí?"

Onígbàjámọ̀ ti la ẹnu sílẹ̀. "Ìwọ ni."

"Èmi báwo?"

"Ìwọ ni mo sọ! Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbọ́ orin burúkú yìí látinú ògiri. Díẹ̀ ló kù kí n gé etí oníbàárà torí ẹ̀. Ohùn ẹ nìyí, ẹ̀rọ ẹ nìyí! Ta ló kó ẹ sínú géèmù?"

Oníkọ́kọ́rọ́ ti fa páàdì mọ́ra.

"Ó dáa, yọ wáyà ẹ̀ kí n máa gbé e lọ."

"Máa lọ sílé."

"Irùngbọ̀n ńkọ́?"

"Jẹ́ kó hù."

Onígbàjámọ̀ wo ojú ẹ̀. Ohun tó rí níbẹ̀, òun nìkan ló mọ̀, àmọ́ ó dìde, ó sì rọra fa ilẹ̀kùn dé.

Ó wá ku oníkọ́kọ́rọ́ nìkan. Kò wá kọ́kọ́rọ́ mọ́, etí ló fi ń rìn. Tí igbe ẹ̀rọ náà bá jìnnà, á padà. Tó bá súnmọ́, á tẹ̀ lé e. Ó gba àárín àwọn ẹja kọjá, ó gba abẹ́ òkun, títí ó fi dé iwájú ògiri kan tí kò ní nǹkan kan lára. Ó ti gba ẹ̀gbẹ́ ògiri yìí kọjá tó ìgbà méje lọ́jọ́sí. Lọ́tẹ̀ yìí ó dúró. Kò tẹ nǹkan kan, ó kàn ń gbọ́. Kó, kó, kó. Fúù. Ògiri náà ṣí fúnra ẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ ló so rọ̀ láti àjà bí òjò, wọ́n ń mì wọ́n ń ró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tábìlì kan wà, ẹ̀rọ kan, àga gíga kan, àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kò sí èèyàn lórí àga. Orí àga tó ṣófo yẹn ni orin náà ti ń jáde. Nǹkan kan ṣoṣo ni géèmù gbà kéèyàn ṣe níbẹ̀: kó jókòó sórí àpótí. Ó jókòó. Ó wá ń wòkè bí ọmọdé ṣe ń wòkè. Ó gbọ́ ohùn ọkùnrin kan, tí ọjọ́ orí ẹ̀ ò tíì pọ̀, tó ní, "Ó ti wọlé! Ó yá, ìwọ náà gbìyànjú ẹ̀ wò."

Ohùn ara ẹ̀ ni. Kò mọ̀ pé òun fìgbà kan sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ báyẹn rí. Ọmọ tóun rò pé ọkàn ẹ̀ ò sí níbẹ̀, kò mà sí ohun tó bọ́ mọ́ ọn létí o.

Ó pè é. Fóònù dún lẹ́ẹ̀marùn-ún kí wọ́n tó gbé e. Kí oníkọ́kọ́rọ́ tó la ẹnu, ẹ̀rọ inú géèmù ti dá sí i: kó, kó, kó.

"Ẹ ti débẹ̀," àbúrò ní.

"Mo ti débẹ̀. Mo ti pa ohùn ẹ̀ láti ìjọ́ yìí ni."

"Ẹ pa ohùn ẹ̀?"

"Mo pa á. Èmi ni mo ṣì í ṣe. Má bínú."

Ó gbọ́ bí ọmọ náà ṣe mí. Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ẹnì kan ń pè é.

"Bọ̀ọ̀dá mi, mo wà níbi iṣẹ́. Màá pè yín."

"Nígbà wo?"

"Màá pè yín," ló tún wí, fóònù sì pa.

Oníkọ́kọ́rọ́ ò mọ̀ bóyá lónìí ni, bóyá ọ̀la. Ó kó aṣọ kúrò lórí àga kejì, ó kó o sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé fóònù sórí àga náà, ó da ojú ẹ̀ sókè. Kò pa géèmù. Nínú ẹ̀, ó ṣì jókòó sórí àpótí. Nígbà tí orin náà tún bẹ̀rẹ̀, ó bá a kùn ún, ó sì ṣì í níbi tó ti máa ń ṣì í.