Kọ́là Tí Màmá Bòmíláṣìírí Yí Padà

Màmá Bòmíláṣìírí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í sì í ṣe òun ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló ti ń tún aṣọ gbígbó ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ta kọ́tìnì sẹ́nu ọ̀nà. Bí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì bá ti gbó tó ń yọ òwú, á tú u, á yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, á rán an padà, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ pé aṣọ náà ti pẹ́ láyé. Inú láílọ́ọ̀nù dúdú làwọn oníbàárà ń kó o wá. Bó bá pàdé wọn nígboro, bí ẹni tí kò mọ̀ rí ló ń kí wọn. Àṣírí bíbò yẹn gan-an ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tó ń ta aṣọ olówó pọ́ọ́kú ṣí sí ìkóríta ni ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní, "Màmá, ẹ gbé iṣẹ́ yín sórí fóònù káráyé rí i. Àmọ́ ẹ gbàyè lọ́wọ́ aláṣọ kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò o."

"Àyè wo? Ṣé aṣọ lójú ni, tí wọ́n á fi dá a mọ̀?"

Agídí àgbà nìyẹn, ẹ ò rí nǹkan. Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì Tíṣà, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ìwé tó wà lópin àdúgbò, oníbàárà rẹ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Ó ya fọ́tò kọ́là náà nígbà tó ṣì gbó, ó tún ya òmíràn nígbà tó yí i tán, ó sì gbé méjèèjì sórí fóònù, àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì náà sì hàn níbẹ̀. Ó gbàgbé pé yíǹkì ti tú sí àpò ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, àbàwọ́n tí kò jáde mọ́, tí gbogbo ọmọ kíláàsì Tíṣà sì ń wò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn ló gbóṣùbà fún fọ́tò náà. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ajé, ẹnì kan ti ya kọ́là gàgàrà sórí bọ́ọ̀dù kíláàsì Tíṣà, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ yí i padà, sà."

Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà ká kọ́tìnì wọlé. "Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Mo wá kó àwọn aṣọ mi tó kù."

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Mo ti yọ ọ́ kúrò."

"Lórí fóònù tiyín lẹ ti yọ ọ́. Àwọn ọmọ ti fi ránṣẹ́ síra wọn." Ó ń ká àwọn ṣẹ́ẹ̀tì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ká ní ẹ bi mí ni, ǹ bá fún yín ní èyí tí mi ò wọ̀ lọ sílé ìwé rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Màmá ju èébú lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, láílọ́ọ̀nù dúdú ń jáde, kò sí èyí tó ń wọlé. Àwọn tó ń kọ̀wé sí i lórí fóònù ń gbé ìlú tó jìnnà, wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ dáa, ó parí síbẹ̀. Àgbà ní bí a bá ń wá owó lọ, tí a pàdé iyì lọ́nà, ká ṣẹ́rí padà, torí bí a bá rówó ọ̀hún tán, iyì náà la ó fi rà. Màmá ti ní iyì lọ́wọ́, ó wá fi í wá owó lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Tíṣà gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá. Kọ́là ọrùn rẹ̀ ti gbó, òwú ti ń yọ létí rẹ̀. Bó ṣe kan ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ bo ọrùn, ó sì kí Màmá bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Màmá dá a lóhùn bákan náà. Iṣẹ́ ìdajì wákàtí péré ni yíyí kọ́là yẹn ì bá jẹ́ fún un.